Jẹ́ẹ̀lì diclofenac tí mo rà fún màmá mi ò ta lára, àbí féèkì ni?

Ọmọ_Ṣọ̀ún: Ẹ kú ilé o. Màmá mi ń ta èlùbọ́ ní Tákìé, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, tí wọ́n bá ti jókòó pẹ́, kí wọ́n tó dìde ogun ni. Wọ́n ní ọ́sà (ọgbẹ́ inú), dókítà wá ní kí wọ́n má gbé diclofenac mì mọ́, kí n ra èyí tí wọ́n ń fi para. Mo rà á, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti ń bú mi pé kò ta rárá, pé Aboniki àwọn sàn jù ú lọ.

Ìyá_Àkànní: Ẹ fi aṣọ olómi gbóná rọ̀ ọ́ lé e lórí, á wọlé dáadáa.

Kẹ́míìsì_Ọ̀yọ́: Háà, Ìyá Àkànní, ẹ jọ̀ọ́ má, ooru á jẹ́ kí oògùn yẹn wọ ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ Ṣọ̀ún, pé kò ta ò ní kó jẹ́ féèkì. Báàmù ń ta torí menthol tàbí methyl salicylate inú ẹ̀, ara á gbóná, ìrora á fara pa mọ́ díẹ̀. Diclofenac ní tiẹ̀ ń wọ awọ lọ bá ibi tó wú ni, ó sì lè tó ọjọ́ 7 kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó náà, torí àwọn màmá wa ń ṣún un jẹ, wọ́n á tẹ bíńtín bí ẹni fẹ́ kun ètè! Ti 1%, gíráàmù 4 ni fún orúnkún kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kó má kan egbò, kí wọ́n sì fọwọ́ tí wọ́n bá pa á tán. Èyí tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ ò ju nǹkan bí i 6 nínú 100 ti oníhóró lọ, ìyẹn ni dókítà fi yàn án fún ọlọ́sà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún lọ ń gbé ibuprofen, tó jẹ́ ẹbí diclofenac, mì ní kọ̀rọ̀, a ò tíì ṣe nǹkan kan. Tí ìgbẹ́ bá dúdú, ọsibítù ni o.

Bọ́ọ̀lù_LAUTECH: Jẹ́ẹ̀lì ketoprofen, ẹbí diclofenac náà, ni wọ́n fún èmi nígbà tí ẹsẹ̀ mi fi rọ́. Ẹ bo ojú ibẹ̀ o, oòrùn lè bó o, kódà títí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn téèyàn bá ṣíwọ́.

Ọmọ_Ṣọ̀ún: Ẹ ṣeun gan-an. Oríkèé ìgbáròkó náà ń ro wọ́n, ṣé kí n fi pa ibẹ̀?

Kẹ́míìsì_Ọ̀yọ́: Ìyẹn jìn jù fún un, ẹ mú wọn padà lọ bá dókítà.