Ẹ gbà mí lọ́wọ́ minivan àlòkù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà

Bàbá Ìbẹta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ẹ má bú mi. Àwọn ọmọ ti pọ̀ ju ọkọ̀ kékeré lọ ni mo bá ra minivan àlòkù. Ọkùnrin tó tà á búra pé ìyàwó òun nìkan ló ń wà á. Ara rẹ̀ ń dán, ìjókòó mọ́ tónítóní, ó tiẹ̀ bá mi fi bátìrì tuntun sí i kí n tó gbé e lọ. Ìyọnu ni mo rà!

Láràárọ̀, bí gíà bá fẹ́ bọ́ sí ìkejì, á ta gbogbo wa síwájú bí ẹni tí wọ́n gbá nídìí. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó máa fúnra rẹ̀ ṣí, ọwọ́ la fi ń wọ́ ọ. Iná ẹ́ńjìnnì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, á tún kú. Mekáníìkì àkọ́kọ́ fi skáná, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe ọkọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ìkejì náà ò rí nǹkan kan, síbẹ̀ ó ní kí n pààrọ̀ gíà lódindi. Ìyàwó mi ti ní kí n má rà á tẹ́lẹ̀. Ní báyìí kì í tiẹ̀ bínú, ó kàn ń wò mí ni, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Ṣé kí n pààrọ̀ gíà, àbí kí n tà á?

Àdùkẹ́ Onímọ́tò: Ọkọ̀ wo ni? Ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Kìlómítà mélòó ló ti rìn? Gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, orúkọ ọkọ̀ ò sí níbẹ̀.

Àkànní: Ẹ má pààrọ̀ gíà o! Epo gíà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń pupa. Tó bá ti dúdú tó sì ń rùn pé ó jóná, a jẹ́ pé wàhálà wà. Irú èyí tí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ sì ni kí ẹ lò.

Ìyá Adùnní: Tèmi náà ń gbóná sódì nígbà kan. Wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀, wọ́n ní ó ku head gasket, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Àṣé fáànù rédíétọ̀ ni kò yí, relay rẹ̀, swíìṣì tó ń fún un níná, ló jóná. Ẹ yẹ fáànù wò.

Bàbá Ìbẹta: Àǹtí, ọkọ̀ mi ò gbóná o.

Ìyá Adùnní: Mi ò ní ó gbóná. Mo ní kí ẹ yẹ fáànù wò.

Alágbàwí: Kí ló dé tí ẹ ò mú mekáníìkì dání lọ rà á?

Bàbá Ìbẹta: Mo mú àbúrò mi lọ, ó mọ mọ́tò dáadáa. A wà á títí, kò ta wá síwájú rárá. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé.

Ríwáyà Àgbà: Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń ta ọkọ̀ kì í dédé ṣọrẹ bátìrì. Ṣé bátìrì yẹn máa ń kú?

Bàbá Ìbẹta: Àdùkẹ́, V6 ni, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà. Ọwọ́ ìyàwó mi ni ìwé rẹ̀ wà, mi ò sì lè bi í léèrè lónìí. Ti bátìrì kì í ṣe ìṣòro mọ́. Alaalẹ́ ni mò ń yọ orí rẹ̀ kan, tílẹ̀ bá mọ́ màá dá a padà. Láti ìgbà náà kò kú mọ́.

Ríwáyà Àgbà: Háà! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ fi ṣíde nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà máa ń kọ́ bí yóò ṣe pààrọ̀ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tí ẹ bá ti yọ bátìrì, ó gbàgbé nìyẹn, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kóòdù tí skáná ìbá rí ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ ń pa á rẹ́ lálaalẹ́.

Bàbá Ìbẹta: Ilẹ̀kùn yẹn ti ń yọ mí lẹ́nu kí n tó máa yọ bátìrì. Kì í wọlé tán. Iná òrùlé kì í kú, ni mo bá yọ gílóòbù rẹ̀.

Alágbàwí: Ẹ tún yọ gílóòbù! Kí ló kù tí ẹ ò tíì yọ?

Ríwáyà Àgbà: Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ rò pé ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, kò bá sùn, ó ń mu iná títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ gbá ojú irin tí ilẹ̀kùn ń gbà, kí ẹ sì wo ìkọ́ tó ń dè é àti swíìṣì inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà sáàárín orí òdì bátìrì àti wáyà rẹ̀, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, kí ẹ dúró tó ìdajì wákàtí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná tí mítà bá kà kò yẹ kó ju 50 milliamp lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi wálẹ̀. Ẹ má ṣáná sí ọkọ̀ nígbà tí mítà bá wà níbẹ̀ o, mítà á jó.

Àkànní: Alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná sínú bátìrì, ni. Diode inú rẹ̀ tó bàjẹ́ máa ń fa bátìrì gbẹ.

Ríwáyà Àgbà: Alternator ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn wọlé?

Bàbá Ìbẹta: Mo gbá ojú irin ilẹ̀kùn. Iyanrìn àti ìdajì ohun ìṣeré ọmọdé ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ti àwọn ọmọ mi. Ilẹ̀kùn ti wọlé tán, mo dá gílóòbù padà, iná òrùlé sì kú fúnra rẹ̀. Mi ò yọ bátìrì lálẹ́ àná, ọkọ̀ sì ṣáná láàárọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n iná ẹ́ńjìnnì tún ti tàn. Ṣé kí n yọ bátìrì díẹ̀ kó lè kú?

Àdùkẹ́ Onímọ́tò: Ẹ MÁ YỌ Ọ́!

Alágbàwí: Bàbá yìí á pa wá.

Bàbá Ìbẹta: Ó dáa. Skáná kọ P0302. Mekáníìkì kejì ṣì ní gíà ni.

Ríwáyà Àgbà: Kì í ṣe gíà. Sílíńdà kejì ni kò jóná dáadáa. Ẹ gbé kóìlì rẹ̀, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, sórí ìkẹrin, ẹ gbé ti ìkẹrin wá síbẹ̀, kí ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ wà á. Tí kóòdù bá di P0304, ìyẹn ti sílíńdà ìkẹrin, kóìlì ló bàjẹ́.

Bàbá Ìbẹta: Ó ti di P0304.

Àkànní: Ẹ ra mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ríwáyà Àgbà: Mẹ́fà kẹ̀? Ọ̀kan ló bàjẹ́!