Ìwà ọmọ ní kíláàsì: ohun tó ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń bà á jẹ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Olùkọ́ kíláàsì kejì, Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òfin tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Òfin 15 kò wúlò fún ọmọ ọdún 6 sí 7. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó, kí ó sì jẹ́ ohun tí ọmọ yóò ṣe. "Má pariwo" kò dúró síbì kan létí ọmọdé, torí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀. "Na ọwọ́ kí o tó sọ̀rọ̀" yé e. "Ti báàgì sábẹ́ bẹ́ǹṣì" yé e. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, ẹ máa fi dánra wò pẹ̀lú wọn bí ẹni ń kọ́ ijó: ẹ tò, ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ tún jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Olùkọ́ tó bá fo ibẹ̀ torí kó lè tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ inú ìwé ni yóò máa ké "ẹ dákẹ́!" títí di Disẹ́ńbà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó tẹ̀lé asẹ́ńbílì ni nǹkan máa ń dàrú jù. Ìlànà ìjọba sọ pé kí ọmọ 35 wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan. Ẹni tó bá ní 60 mọ ohun tí mò ń wí. Tí ẹ bá ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú rẹ́jísítà, ẹni tó ti dáhùn kò ní nǹkan tó ń ṣe mọ́, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ kọ ìṣirò mẹ́ta sójú pátákó kí wọ́n tó wọlé. Kí ọmọ kan lórí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan sọ ẹni tí kò wá. Rẹ́jísítà á parí kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ọwọ́ wọn á sì ti wà lórí ìwé.

Olùkọ́ kíláàsì kẹrin, Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìwé orúkọ àwọn aláriwo wá síbí. Olùkọ́ gba ọ́fíìsì lọ, ó fi báírò lé mọ́nítọ̀ lọ́wọ́. Kó tó padà dé, bébà ti kún. Wọ́n kọ "×2" síwájú orúkọ kan, "×5" síwájú òmíràn, wọ́n sì ti fa ilà lé orúkọ kan lórí títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Èyí tí wọ́n pa rẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀pà tàbí bisikíìtì ló pa á rẹ́. Ọmọ tó ni "×5" náà lè má sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó sọ fún mọ́nítọ̀ pé òun kò bẹ̀rù rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ na ọmọ ti gbé pàǹkẹ́rẹ́ lé ọmọ ọdún 9 lọ́wọ́, kó má tan ara rẹ̀.

Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ jáde, ẹ sọ fún olùkọ́ kíláàsì tó múlé tì yín kó máa yọjú lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì fi iṣẹ́ tó ní òpin sílẹ̀: kíkọ gbólóhùn márùn-ún, kì í ṣe "ẹ máa kàwé yín". Kí ẹni tí ń ṣọ́ kíláàsì máa yí padà lójoojúmọ́, kó sì kọ bẹ́ǹṣì tó parí iṣẹ́ dípò orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì na gbogbo kíláàsì torí ariwo. Ọmọ mẹ́wàá tó dákẹ́ tó sì jẹ nínú ẹgba náà ti rí i pé ìdákẹ́jẹ́ kò lérè. Lọ́la, àwọn náà á wà níbẹ̀.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pẹ́ dé ńkọ́? Ìkúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, píkì pín (kí ọmọ bẹ̀rẹ̀, kó fi ìka kan kan ilẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè), ká máa ṣa bébà nílẹ̀: gbogbo rẹ̀ ń gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ìṣirò tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ yẹn sì sábà máa ń jẹ́. Ọmọ tó ń pẹ́ dé wá di ọmọ tí kò mọ ìṣirò. Ọmọ ọdún 6 kọ́ ló ń pinnu ìgbà tí wọ́n máa kúrò nílé.

Ẹ la ìwé kan sí òpó mẹ́rin: ọjọ́, orúkọ, aago, ohun tó fà á. Kí ọmọ dúró ṣe ìṣẹ́jú kan péré lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ ọ́, kó máa wọlé lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, ẹ pe òbí. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ jókòó ti ìwé náà kí ẹ wo àwọn ọjọ́ yẹn. Níbi tí wọ́n bá ti ń ná ọjà ọrọọrún, ẹ máa rí ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà nìkan ló ń pẹ́, torí ìyá rẹ̀ ti jáde láti ìdájí, àbúrò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgba kò lè wo ìyẹn sàn. Kí ẹ bá ìyá ọmọ sọ ọ́ pé kí aládùúgbò kan máa gba àbúrò ló lè wò ó.

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ pàǹkẹ́rẹ́ láìfi bò. Òfin Ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù ń lò, abala 295, gba olùkọ́ láyè láti fi ọwọ́ bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 wí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá ọgbẹ́ sí i lára, kò sì gbọdọ̀ ju ohun tí ọjọ́ orí àti ìlera ọmọ náà lè gbà lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, abala 11, ní kí wọ́n má ṣe ọmọ léṣe, ìbáà ṣe ní ara tàbí ní ọkàn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ òfin yìí di tirẹ̀, Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Torí náà, olùkọ́ tó bá ń sọ pé "báyìí ni wọ́n ṣe na àwa náà" kò tíì sọ nǹkan kan níwájú adájọ́.

Ìwé ìjìyà ni mo fẹ́ kí ẹ gbájú mọ́. Ilé-ìwé tó bá ń ṣe dáadáa ní in, bó ṣe ní rẹ́jísítà àti lọ́ọ̀gìbúùkù (ìwé tí wọ́n ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ilé-ìwé sí). Ohun tó ń wọ inú rẹ̀ nìyí: ọjọ́, orúkọ ọmọ, kíláàsì, ohun tó ṣe, ìjìyà tí wọ́n fún un, ẹni tó fún un, ìbuwọ́lùwé ọ̀gá. Kí wọ́n kọ ọ́ kí ìjìyà tó wáyé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ tó rí ìwé, kí ẹ tó rí báírò, kí ẹ tó ronú orúkọ tí ẹ máa pe ohun tó ṣe, ìbínú ti lọ sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ máa rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ náà kò ṣeé kọ sílẹ̀. Níparí táàmù, ẹ kà á. Tí orúkọ ọmọ kan náà bá wà níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin, ìjìyà yẹn kò ṣiṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ orúkọ olùkọ́ kan náà ló kún inú rẹ̀, olùkọ́ yẹn ni kí ẹ pè sí ọ́fíìsì.

Àwọn ohun tí kò sí àríyànjiyàn nínú wọn: ìgbájú lè fọ́ ìlù etí. Ẹ má fọwọ́ kan orí àti ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó ní ikọ́ fée (ásímà) máa sáré yí pápá ká. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn tí à ń pè ní SS, kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ nínú oòrùn rárá, torí oòrùn àti òùngbẹ wà lára ohun tó ń jí ìrora náà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò omi púpọ̀, á sì máa tọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ń sá fún iṣẹ́. Ẹ bi òbí ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ wá wọlé, kí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo olùkọ́ tó ń wọ kíláàsì náà. Fún àwọn yòókù, ẹ fi okùn so pákó pẹlẹbẹ kan kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: ẹni tó bá mú un ló lè jáde, ẹni tó kàn á dúró dè é.

Olùkọ́ kíláàsì kìn-ín-ní, Òṣogbo

Ní kíláàsì kìn-ín-ní, pẹ́ńsùlù ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ di òwú sí ìdí rẹ̀, àwọ̀ kan fún bẹ́ǹṣì kan. Ẹ ní márùn-ún nínú agolo fún yíyá, kí ẹni tó yá bọ́ bàtà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo. Kò sẹ́ni tó ń fi bàtà kan lọ ilé, pẹ́ńsùlù yín á padà. Tí nǹkan bá sọnù, ẹ má tú báàgì ọmọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí i níbẹ̀, "olè" ni wọn á máa pè é títí tó fi máa jáde kíláàsì kẹfà.

Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, Peckham, London

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń bọ̀ wá sí ìlú ọba, ẹ gbọ́ èyí. Wọ́n ti fi òfin mú ẹgba kúrò nílé-ìwé ìjọba láti 1987, àti ní ti aládàáni ní England láti 1999. Ọ̀gá ilé-ìwé nìkan ló lè dá ọmọ dúró sílé, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ ilé-ìwé 45 lọ lọ́dún kan. Tí ìdádúró náà bá ju ọjọ́ márùn-ún lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò ti máa kàwé láti ọjọ́ kẹfà. Wọ́n á kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ kà á, kí ẹ sì dáhùn ní kíkọ.

Ohun méjì ló ń kó bá àwa Yorùbá níbí. Ọmọ wa a máa wolẹ̀ tí àgbà bá ń bá a wí, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ. Olùkọ́ ibí á ní kó wo òun lójú. Tí kò bá wò ó, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣàfojúdi. Ẹ tètè ṣàlàyé èyí fún olùkọ́, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ náà. Èkejì: ẹ má fẹnu ara yín sọ fún olùkọ́ pé "màá nà án dáadáa tí a bá délé." Ó lè má bá yín jiyàn rárá, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi tó ẹni tí ń rí sí ààbò ọmọ nílé-ìwé létí.

Olùkọ́ kíláàsì kejì, Ìbàdàn

Tiwa níbí ni "Àǹtí, ẹ bá mi nà án." Ẹ má gba iṣẹ́ yẹn, ẹ má sì bá òbí jà. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: aago mélòó ló ń sùn, kí ló jẹ láàárọ̀, ta ló jókòó tì í tó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá? Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ dúró nídìí igbá títí di aago mẹ́wàá alẹ́ á sùn ní kíláàsì lọ́sàn-án, ọ̀lẹ sì kọ́.

Èyí tó ń wo ìwé ẹnì kejì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ gbé e wá sí bẹ́ǹṣì iwájú fún ọ̀sẹ̀ kan láìsọ nǹkan kan. Tó bá ṣíwọ́, ó lè jẹ́ pé ojú ló ń dùn ún, tí kò rí pátákó láti ẹ̀yìn. Ẹ ránṣẹ́ sí òbí kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò.