Òpó, ọ̀pá tàbí akọ̀: kí la ó pe irin ìdarí ọkọ̀?

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Níbi tí a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún ẹ̀yà ara ọkọ̀, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe gbogbo irin tó so kẹ̀kẹ́ ìdarí mọ́ àpótí sítíárìn (èyí tó ń mú kí táyà yí) nísàlẹ̀ ní "òpó ìdarí", kí ẹni tó ń kọ̀wé lórí bí a ṣe ń tò ó padà sínú ọkọ̀ àtijọ́ lè rí orúkọ lò. Mo fara mọ́ "ìdarí". "Òpó" ni mi ò fara mọ́.

Òpó kì í yí. A rì í mọ́lẹ̀, ó dúró, nǹkan mìíràn sì gbára lé e. Ẹni tó bá ti tú irin yìí rí mọ̀ pé nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Irin gbọọrọ kan wà nínú, òun ló ń bá ọwọ́ awakọ̀ yí. Páìpù kan bò ó lóde, wọ́n dè é mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í sì í yí rárá. Bẹ́árìn ló wà láàárín àwọn méjèèjì kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. (Bẹ́árìn kò nílò orúkọ tuntun lójú tèmi, kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n.) Bí a bá wá pe méjèèjì ní òpó, kí la ó sọ nígbà tí a bá fẹ́ kí òǹkàwé ti ọ̀kan bọ inú èkejì?

Àbá tèmi nìyí: ti inú, "ọ̀pá ìdarí", ti òde, "akọ̀ ìdarí". Akọ̀ ni ilé idà, ibi tí a ń ti irin gígùn bọ̀ tí a sì ń fà á yọ. Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yóò kà á sí akọ tí í ṣe òdìkejì abo. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ "ti ọ̀pá bọ inú akọ̀" yé ènìyàn, kódà láìsí àmì.

Àbá kejì ló ká mi lára jù: kí á pe irú èyí tó ń kúrú nígbà ìjàǹbá ní "òpó tó ń wó". Irú èyí tí General Motors, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, fi sínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1967 ni wọ́n ń sọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ìdarí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun dín agbára tó ń ba àyà awakọ̀ kù nígbà ìjàǹbá. Àmọ́ ilé ló ń wó, irin yìí kì í wó. Nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, apá kan ọ̀pá yìí a wọnú apá kejì, akọ̀ rẹ̀ náà a sún pọ̀, gbogbo rẹ̀ a kúrú dípò kí ó gún awakọ̀ láyà. Ó súnkì ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ọ̀pá asúnkì".

Kì í ṣe torí ẹwà èdè nìkan ni mo ṣe ń jà fún un. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ike tí wọ́n yọ́ sínú ihò wẹ́wẹ́ ló di apá méjèèjì mú, wọ́n sì ṣe é kí ó lè kán. Ẹni tó bá fi òòlù lu orí ọ̀pá kí ó lè tètè wọlé lè kán ike náà, ọ̀pá á sì ti súnkì kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Bí a bá kọ ọ́ pé "má lu òpó", òǹkàwé á béèrè pé òpó wo. "Má lu orí ọ̀pá asúnkì" sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ lù, ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ní ti àwọn ojú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbẹ́ yí orí ọ̀pá ká, níbi tí kẹ̀kẹ́ ìdarí ń wọ̀ sí, ẹnìkan pè wọ́n ní "eyín". Eyín gíà ń yí ara wọn lọ ni. Ti orí ọ̀pá ń di kẹ̀kẹ́ ìdarí mú kí ó má yẹ̀. "Ilà" ni mo fẹ́, torí ńṣe ni wọ́n kọ ọ́ sára irin. Ẹ wo bó ṣe bọ́ sẹ́nu: "Fi ọ̀dà sàmì sí ilà kan kí o tó fa kẹ̀kẹ́ yọ." Bí ilà kan ṣoṣo bá yẹ̀, táyà á kọjú síwájú, kẹ̀kẹ́ ìdarí á sì wọ́. Bí àmì bá ti pa rẹ́, kí ènìyàn yí ìdarí dé òpin apá kan, kó ka iye ìgbà tó yí dé òpin kejì, kó pín in sí méjì: ibẹ̀ ni àárín.

"Oríkèé" tí ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá fún irin tó ń ṣẹ́po nísàlẹ̀ ọ̀pá dára gan-an. Mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní in. Rọ́bà pẹlẹbẹ ni ti àwọn mìíràn, ó ń gba ìgbọ̀nrìrì ojú ọ̀nà kí ó má baà dé ọwọ́ awakọ̀. "Tìmùtìmù ìdarí" yóò bá a mu. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iná fèrè ń gba ara ọ̀pá kọjá, rọ́bà kì í sì í gbé iná, torí náà wáyà kékeré kan wà tó fo rọ́bà náà. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ nígbà àtúntò, fèrè kò ní dún. Mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún wáyà yẹn. "Afárá iná" ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá ní èyí tó san jù ú lọ, kó jọ̀wọ́ gbé e wá.