Lórí «ìfúnpá omi ọpọlọ tó lọ sílẹ̀» àti orúkọ tó yẹ àìsàn náà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi,

Wọ́n ti dábàá pé kí a pe àìsàn tí omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká fi ń dín kù ní «ìfúnpá omi ọpọlọ tó lọ sílẹ̀». N kò fara mọ́ orúkọ yìí, nítorí pé ó lè pa aláìsàn lára.

Fífún apá ni ìfúnpá ti wá, ẹ̀jẹ̀ sì ni ọkàn ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò lọ bá. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí dókítà bá gún abẹ́rẹ́ sẹ́yìn láti wọn agbára tí omi náà fi ń tì, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí ni òṣùwọ̀n wọn kò lọ sílẹ̀ rárá. Bí omi kò bá gòkè tó sẹ̀ǹtímítà 6 nínú ọ̀pá ìdíwọ̀n ni àwọn oníṣègùn ń sọ pé ó lọ sílẹ̀; ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 12, tí kò sì lè jókòó fún wákàtí kan, orúkọ yẹn yóò sọ ọ́ di ẹni tí kò ní àìsàn.

Omi fúnra rẹ̀ ni kò tó. Ó lè jẹ́ pé awọ tó dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ti ya, tàbí kí ó máa ṣàn gba ojú àìtọ́ lọ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bíi mílílítà 150 ló wà lára àgbàlagbà, inú rẹ̀ sì ni ọpọlọ ti ń léfòó, tí ohun tó ju kílógíráàmù kan lọ fi ń fúyẹ́ tó nǹkan bíi gíráàmù 50. Bí omi bá fà, tí ènìyàn sì nàró, ọpọlọ á wálẹ̀, á máa fa awọ tó so mọ́ ọn, orí àti ọrùn á máa dunni, etí á máa hó. Bó bá dùbúlẹ̀, ara á tù ú.

Nítorí náà, mo dábàá «omi agbọ́pọlọró», ìyẹn omi tó gbé ọpọlọ ró, fún omi náà, àti «àìtó omi agbọ́pọlọró» fún àìsàn náà. «Omi inú orí» kò dára, nítorí ti ọmọ tí omi pọ̀ jù lórí rẹ̀ ni a ó rò. N kò fi «jíjò» ṣe orúkọ, torí pé àwòrán kì í fi ojú ibi tó ń jò hàn nígbà gbogbo.

Fún ẹ̀fọ́rí rẹ̀, mo yan «ẹ̀fọ́rí ìnàró» ju «ẹ̀fọ́rí ìdìde» lọ. Ìdìde kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí yìí lè dúró di ọ̀sán kí ó tó dé. Ìnàró náà ni àwọn tó ń bá a gbé fi ń ṣètò ọjọ́ wọn: «Ìnàró mi lónìí kò ju wákàtí méjì lọ» jẹ́ gbólóhùn tí ará ilé àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò lóye.

Ìtọ́jú tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe, tí a ń fi abẹ́rẹ́ tì í sẹ́yìn awọ tó di omi agbọ́pọlọró mú kí ó lè dí ojú ibi tó ya, ni mo pè ní «àlẹ̀mọ́ ẹ̀jẹ̀». Lẹ́yìn rẹ̀, omi lè pọ̀ jù fún ìgbà díẹ̀, kí orí wá máa fọ́ nígbà tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀. Bí a bá ní «ẹ̀fọ́rí ìdùbúlẹ̀» pẹ̀lú, aláìsàn lè sọ fún dókítà pé ẹ̀fọ́rí òun ti yí padà, kí wọ́n má baà tún fi àlẹ̀mọ́ mìíràn kún un.