Bí ọ̀gá bá ti jókòó, wọ́n á panu mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Abuja níbí ni mo wà. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ilé iṣẹ́ kan ní Wuse gbà mí ní agile coach, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ ẹgbẹ́ bí wọ́n á ṣe máa ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa tún un ṣe bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, ẹni mẹ́jọ ní ọ̀kan, ẹni mẹ́fà ní èkejì. App tí àwọn oníṣòwò fi ń gba owó ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọmọ náà mọṣẹ́, mo sì fẹ́ràn wọn.

Láràárọ̀ la máa ń ṣe stand-up, ìpàdé òòjọ́ kúkúrú. Ìṣẹ́jú 15 ló yẹ kó gbà, tiwa ń gba 45. Ọ̀gá ẹ̀ka á jókòó síwájú, ẹni kọ̀ọ̀kan á dojú kọ ọ́, á máa ka ohun tó ṣe lánàá bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka táìmù tébù. Tó bá di retro, ìpàdé tí a fi ń wo bí iṣẹ́ ṣe lọ sí, mo á bi wọ́n pé kí ló ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́. "Kò sí wàhálà, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa." Ká tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta másà nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ á ti máa tú jáde. Ẹnì kan á ní server tí àwọn fi ń dán iṣẹ́ wò ti kú láti ọjọ́ Ajé. Òmíràn á ní ọ̀gá fi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá òru.

Èyí tó wá dùn mí jù: lóṣù tó kọjá, ọ̀gá lẹ velocity ẹgbẹ́ méjèèjì mọ́ ògiri, ọ̀kan 38, èkejì 21. Velocity ni àròpọ̀ máàkì tí ẹgbẹ́ fún àwọn iṣẹ́ tí wọ́n parí nínú sprint kan, ìyẹn sáà iṣẹ́ kúkúrú; bí iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni máàkì ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ó bi ẹgbẹ́ tó ní 21 bóyá oorun ni wọ́n ń sùn. Sprint tó tẹ̀ lé e, wọ́n di 35. Iṣẹ́ wọn ò pọ̀ sí i rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ní máàkì 3 tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fún ní 5 báyìí.

Ọ̀gá yìí fi bí ogún ọdún jù mí lọ, òun ló sì gbà mí síṣẹ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àǹtí Lugbe: Àbúrò mi, kú làálàá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nídìí másà yẹn gan-an ni ohun tó ò ń wá. Àwọn ènìyàn 17 tó pàdé ní Utah, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2001 tí wọ́n kọ ìlànà agile, ènìyàn àti bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ṣáájú ìlànà àti irinṣẹ́. Ẹgbẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀, ibi tí ẹ ti ń pè wọ́n kó wá sọ ọ́ ni kò dára.

Ìwé ìtọ́sọ́nà Scrum, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe agile, sọ ọ́ gedegbe pé àwọn tó ń fọwọ́ ṣe iṣẹ́ ló ni ìpàdé òòjọ́. Nínú àtúnṣe ọdún 2020, ìbéèrè mẹ́ta tí gbogbo wa há sórí (kí lo ṣe lánàá, kí lo máa ṣe lónìí, kí ló ń dí ọ lọ́wọ́) ò sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, má pe ènìyàn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Kí gbogbo yín dìde dúró síwájú pátákó tí ẹ kọ àwọn iṣẹ́ yín sí, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tó sún mọ́ ìparí jù. Tí ojú bá ti wà lára pátákó, kò ní sí lára ọ̀gá.

Ní ti ọ̀gá, má bá a sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ láéláé. Lọ bá a ní ọ́fíìsì lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí o bi í pé, "Sà, kí ni ẹ máa ń fẹ́ mọ̀ ní stand-up tẹ́ ẹ ò rí ibòmíràn gbọ́?" Kí o wá dákẹ́, kí o gbọ́ ọ tán. Ìpàdé òòjọ́ kọ́ ló yẹ kí ìdáhùn ẹ̀ ti wá, sprint review ni, ìpàdé ìparí sprint, níbi tí wọ́n ti máa fi iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ hàn án.

Ará Kubwa: Mo gbà pẹ̀lú àǹtí lórí pátákó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lé ọ̀gá jáde o. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi dá ìpàdé tiẹ̀ sílẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìpàdé wá di méjì lójúmọ́. Ẹ fún un láyè lẹ́yìn, kó máa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ velocity yẹn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gé òṣùwọ̀n tiẹ̀. Kóńgò ẹni tó ń ta gàrí ní Nyanya àti ti ẹni tó ń tà á ní Wuse lè má dọ́gba, ta ló wá pọ̀ jù níbẹ̀? Àmọ́ ẹ má kàn ní kó yọ ọ́. Ẹ fún un ní òmíràn tó lè dì mú: ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ kan ń lò láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ títí wọ́n fi parí ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ ọjọ́ kà.

Ìyá Ìbejì, Kano: Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ̀ ń ṣe retro?

Olùbéèrè: Ọjọ́ Ẹtì mà, aago mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì, Kano: Mo fura. Èmi náà ṣe é níbí, aago méjì ọjọ́ Ẹtì. Ìdajì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Jímọ́ọ̀ dé, àwọn tó kù ti ń wo aago. Mo rò pé wọn ò ka iṣẹ́ sí ni, mo tiẹ̀ bínú. Ẹnì kan ló fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi. Mo gbé e sí àárọ̀ ọjọ́ Rú, ara wọn yá gágá.

Ẹ fún wọn ní bébà kéékèèké àti ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ láìkọ orúkọ, ní èdè tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Níbi tiwa, èdè Hausa ló já gaara jù, òyìnbó ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kí ọ̀gá má sí níbẹ̀ ní tèyí o.

Ẹ tètè mú ohun kan ṣoṣo nínú wọn, kẹ́ ẹ ṣe é kí sprint tó ń bọ̀ tó parí. Ẹni tó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tí nǹkan kan ò yí padà, kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àgbà Gwarinpa: Iṣẹ́ WhatsApp: "Ó dáa sà. Èwo nínú àwọn tó wà nílẹ̀ ni ká gbé tì?" Kí wọ́n fi pátákó hàn án nígbà tí wọ́n bá ń bi í.

Olùbéèrè (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá): Ẹ ṣé gan-an ni. Mo lọ bá ọ̀gá. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni àwọn tó wà lókè ń bi òun ní ọjọ́ tí app máa parí, òun ò sì ní èsì. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣe mí láàánú. Ó ti gbà láti dúró sẹ́yìn fún sprint kan.

A ṣe retro ní ọjọ́ Rú. Bébà 23 ni wọ́n kọ, mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ dá lórí server. Ó ti jí láàárọ̀ yìí. Velocity ṣì wà lára ògiri, ọ̀gá ní òun ò tíì ṣetán láti yọ ọ́. Ará Kubwa, ẹ dákun, ọjọ́ wo lẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ọjọ́ tí ẹnì kan gbé iṣẹ́ náà, àbí ọjọ́ tí oníbàárà béèrè ẹ̀?