Kápúsù họ́mónù yìí ń yọ mí lẹ́nu gidi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè (Àkúrẹ́):
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, ó ti sú mi ni. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí. Láti ọdún tó kọjá ni nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège. Ó lè wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan, ó sì lè má yọjú rárá fún oṣù méjì. Ooru á kàn dédé gbé mi láti àyà, á gun orí, aṣọ á lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn níwájú àwọn ọmọ kíláàsì. Lóru, mo máa ń dìde pààrọ̀ aṣọ ìsùn. Ọkọ mi ti kó lọ sí pálọ̀, ó ní òun ò lè bá ẹni tó ń tan fáànù tó ń pa fáànù sùn.

Mo wá lọ rí dókítà. Wọ́n ní nǹkan oṣù ló ń múra àtilọ, wọ́n kọ oògùn họ́mónù fún mi. Kápúsù yẹn ló da ayé mi rú. Bí mo bá gbé e mì lálẹ́, ilẹ̀ á máa yí mi, ògiri ni mo máa ń dì mú kí n tó dé ilé ìtọ̀. Ilẹ̀ á mọ́, ojú mi ò ní là. Ọyàn mi wú, ó ń ro mí débi pé kọ́mú ò dé ìkọ́ tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Ikùn mi kún fún afẹ́fẹ́. Ẹkún wá sún mọ́ mi. Ọmọ mi ní kí n fún òun lówó ìwé, omi ti bọ́ lójú mi.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ibi iṣẹ́. Mo gbé orí lé ìwé àwọn ọmọ SS2 tí mo ń máàkì, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo máa fi jí, ọ̀gá wa ti dúró lé mi lórí, yíǹkì báírò pupa sì ti tẹ̀ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò béèrè bóyá ara mi yá. Kúérì ló fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì! Mo ti ń kọ́ni ó ti lé lógún ọdún, mi ò gba kúérì rí. Àbúrò ọkọ mi obìnrin gbọ́, ó ń sọ ọ́ káàkiri ẹbí pé mo ti ń mutí. Èmi tí mi ò tọ́ ọtí wò láyé mi. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, aṣọ ẹbí tí mo ti rán kò gbà mí mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo oògùn yìí, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí? Kí lẹ ṣe sí i?

Ìyá Ìbejì Òkè-Àró:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, tíṣà wa. Ọlọ́run á bá yín mú un kúrò. Ooru yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọjà Ọba ni mo ti ń tajà, tó bá ti gbé mi, màá fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, màá lọ dúró níwájú fírísà obìnrin tó ń ta ẹja tútù, a máa bá mi ṣí i. Àwọn oníbàárà á rò pé mò ń bínú sí wọn ni. Ó ṣe mí fún ìgbà pípẹ́, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Oògùn tó bá ń da èèyàn láàmú kì í ṣe oògùn mọ́. Ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ sinmi.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Kí ló tilẹ̀ gbé yín dé ìdí rẹ̀? Ọmọ mẹ́jọ ni màmá mi bí ní Oǹdó, nǹkan oṣù wọn lọ, wọn ò gbé kápúsù kankan mì. Oko kòkó ni wọ́n ń lọ láràárọ̀. Obìnrin ìsinsìnyí ò fẹ́ fara da nǹkan kan. Oògùn họ́mónù yẹn ló ń fa jẹjẹrẹ ọyàn, ẹ lọ béèrè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ àwọn èyí tá a máa fi ràn yín lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mélòó ni yín? Kí ni wọ́n kọ sára páálí kápúsù náà, mílígíráàmù mélòó? Aago mélòó lẹ ń lò ó, kẹ́ ẹ tó jẹun ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ? Ṣé ẹ̀pà kì í ṣe yín ní nǹkan, torí òróró ẹ̀pà wà nínú àwọn kápúsù kan? Ṣé ẹ ń lo oògùn oorun pọ̀ mọ́ ọn? Kí ni wọ́n tún kọ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí wọn kì í sábà kọ òun nìkan? Ilé ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ṣì wà, àbí wọ́n ti yọ ọ́?

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 47 ni mí. Progesterone ló wà lára páálí, 200 mg, ọjọ́ 14 nínú oṣù ni wọ́n ní kí n máa lò ó. Ẹ̀pà kì í ṣe mí ní nǹkan kan, mi ò sì lo oògùn oorun. Alẹ́ ni mo ń lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, bí aago mẹ́wàá àbọ̀, torí a máa ń pẹ́ jẹun nílé wa. Iyán ni ọkọ mi ń fẹ́ lálẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ jí ní aago mẹ́rin àbọ̀.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún, ẹ bá mi kí màmá yín, wọ́n lágbára. Màmá tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù tiwọn ń lọ, wọn ò sùn, wọ́n ń pariwo mọ́ gbogbo wa, wọ́n á tún wọ yàrá lọ sunkún. Àwọn ẹbí bàbá mi ní orí wọn ti dàrú, wọ́n mú wọn lọ sí ilé àdúrà, wọ́n fi ebi pa wọ́n níbẹ̀ ní orúkọ ààwẹ̀. Mo ti dàgbà nígbà náà, mo rí i. Ìdí tí mo fi lọ bá dókítà nìyẹn.

Ìyá Ṣadé:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Progesterone yìí náà ni mò ń lò, ó ti lé lọ́dún kan. Oṣù àkọ́kọ́, mo fi orí gbá ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù nítorí òòyì. Nígbà tí mo padà lọ sọ ọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni oúnjẹ. Wọn kì í lo kápúsù yẹn pẹ̀lú oúnjẹ! Tí oúnjẹ bá wà nínú, oògùn tó máa wọnú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sì máa ń fa oorun, ìdí tí wọ́n fi ní kéèyàn lò ó lálẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin wá ń lò ó lórí iyán ní aago mẹ́wàá àbọ̀, ẹ ń jí ní mẹ́rin àbọ̀. Báwo ni ojú yín á ṣe là?

Èmi ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, tí mo ti tọ̀, tí mo ti gbàdúrà tán, tí mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgbà náà ni mo máa gbé e mì. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, òòyì ti lọ, ọyàn ti rọlẹ̀. Ó wá di pé òun ló ń fún mi ní oorun. Ìbànújẹ́ ọkàn yẹn nìkan ni kò lọ, dókítà bá ní kí n máa ti kápúsù náà sí ojú ara dípò kí n gbé e mì, ọkàn mi sì fúyẹ́. Ẹ má dá ìyẹn ṣe o, kò sí nínú ìwé oògùn náà. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín sọ ọ́.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí jẹjẹrẹ. Wọ́n ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá a dúró láàárín ọ̀nà nítorí jẹjẹrẹ ọyàn. Ṣé irọ́ ni?

Àǹtí Ìlú Ọba:
Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ tán. Women's Health Initiative ni, 2002 ni wọ́n dá apá tí wọ́n ti lo họ́mónù méjì pọ̀ dúró. Àwọn obìnrin ọdún 50 sí 79 ló wà níbẹ̀. Tá a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ó jẹ́ 63. Ọ̀pọ̀ wọn ni nǹkan oṣù ti lọ tipẹ́. Estrogen tí wọ́n ń yọ láti inú ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún ni wọ́n fún wọn, pẹ̀lú medroxyprogesterone, tí kì í ṣe progesterone tó wà nínú kápúsù tí à ń sọ yìí. Ewu wà fún ẹni tó bá ń lo méjèèjì pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń béèrè bóyá jẹjẹrẹ ọyàn tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì ti ṣe èèyàn rí. Ẹ má fi dẹ́rù ba ẹni tí kò sùn.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di òyìnbó, gbogbo tiwọn ló dára lójú yín.

Àǹtí Ìlú Ọba:
Ọmọ Ìdànrè ni mí, orí òkè níbẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ẹ má bú mi.

Alábòójútó:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin méjèèjì, ẹni tó béèrè ni ká dojú kọ.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àró:
Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi o. Ẹ dá kápúsù yẹn dúró. Obìnrin kan ń ta àgbo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ìyá Ìbejì, ẹ ní sùúrù. Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè méjì ṣẹ́ kù tẹ́ ẹ ò dáhùn, àwọn ló sì ṣe pàtàkì jù. Kí lẹ ń lò pẹ̀lú kápúsù yẹn? Ilé ọmọ yín ṣì wà?

Olùbéèrè:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, mo ti dá a dúró kí n tó kọ̀wé síbí. Oṣù yìí, mi ò fọwọ́ kan kápúsù rárá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó pọn dandan kí n padà sí i. Jẹ́ẹ̀lì nìkan ni mò ń lò, estrogen ni wọ́n kọ sí i, àbúrò mi ló ń fi ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba. Òun ni kò jẹ́ kí ooru mú mi mọ́, kò dà mí láàmú rí. Dókítà ní kí n máa tẹ ìgò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí n fi pa apá láràárọ̀. Mo ti sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta torí ó bá mi lára mu. Ilé ọmọ mi wà níbẹ̀. Wọ́n rí ìju kékeré méjì nígbà tí mo ṣe sikáànì, wọ́n ní kò tíì le.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Há! Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti oorun.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Estrogen máa ń mú kí awọ inú ilé ọmọ hù, bí koríko lẹ́yìn òjò. Progesterone ni àdá tó ń gé e. Ẹ ti ju àdá sílẹ̀, ẹ sì tún fi kún òjò. Bí awọ yẹn bá ń nípọn ṣáá láìsí ohun tó ń dá a lẹ́kun, ó lè dàrú, bó bá sì pẹ́, ó lè di jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ kápúsù fún yín, kì í ṣe nítorí ooru. Ẹni tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ ló lè máa lo estrogen nìkan. Estrogen tún lè mú kí ìju dàgbà.

Kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí àyà yín má já. Ṣùgbọ́n ẹ pe dókítà yín lónìí. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ dá kápúsù dúró, kẹ́ ẹ sì sọ ti jẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ fi kún. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń wá?

Olùbéèrè:
Nọ́ọ̀sì, ta ló ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún mi? Dókítà kọ̀wé tán, wọ́n pe ẹlòmíì wọlé. Wọ́n ní kí n lo méjèèjì, wọn ò sọ pé ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì. Méjì ni wọ́n fún mi, ọ̀kan ń tù mí lára, ọ̀kan ń fi mí wọ́lẹ̀, èwo lẹ fẹ́ kí n jù sílẹ̀? Kúérì wà lọ́wọ́ mi! Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń rán ọmọ níléèwé gíga.

Ẹ̀jẹ̀ ń kán díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nǹkan oṣù ni mo pè é.

Ìyá Ṣadé:
Kò sẹ́ni tó ń bá yín jà, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ní kéèyàn dá oògùn dúró lórí ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àró:
Èmi? Ṣé wọ́n sọ pé jẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ ni? Ìfẹ́ ni mo fi sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún:
Kí wọ́n kúkú dá méjèèjì dúró.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ìyẹn tiẹ̀ sàn ju kí wọ́n máa lo estrogen nìkan lọ, Ọmọ Ẹkìmọ̀gún. Ṣùgbọ́n ooru àti àìsùn á padà wá, àwọn àti dókítà wọn ló máa jọ pinnu rẹ̀. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ó lè jáde torí pé wọ́n dá progesterone dúró, ó sì lè jẹ́ pé awọ inú ti nípọn jù. Mi ò lè mọ̀ ọ́n láti orí fóònù. Sikáànì ló máa wọn bó ṣe nípọn tó.

Àǹtí Ìlú Ọba:
Ẹ̀gbọ́n, tí kápúsù ò bá bá yín lára mu rárá, ẹ béèrè nípa Mirena. Nǹkan kékeré kan ni tí wọ́n máa ń fi sínú ilé ọmọ, họ́mónù rẹ̀ ń ṣọ́ awọ inú yẹn fún ọdún 5, díẹ̀ ló sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Òun ni èmi ń lò. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní ilé ìwòsàn UNIMED níbẹ̀ tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, FMC Ọ̀wọ̀, bóyá wọ́n ní in. Àti pé jẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú kápúsù kì í dènà oyún o. Ní 47, tí nǹkan oṣù ṣì ń wá, oyún ṣì lè dúró.

Olùbéèrè:
Mo ti pe dókítà. Wọ́n kọ́kọ́ bá mi wí, lẹ́yìn náà wọ́n fara balẹ̀. Wọ́n ní kí n dá jẹ́ẹ̀lì padà sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí n wá ṣe sikáànì lọ́la, ìgbà yẹn ni wọ́n máa sọ alẹ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀ kápúsù padà. Mo sọ ti iyán fún wọn. Wọ́n ní aago méje ni kí oúnjẹ mi ti parí, torí bí mo ṣe ń lo kápúsù lórí oúnjẹ ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ máa yí mi. Tó bá pé oṣù mẹ́ta tí ara mi ò gbà á, a máa jọ sọ̀rọ̀ lórí ti ojú ara tàbí Mirena. Mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà fún mi tí màá fi dáhùn kúérì, wọ́n ní kí n wá gbà á.

Ọkọ mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lálẹ́ yìí. Mo ka ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ sí i létí. Ó ní òun máa gbé mi lọ ṣe sikáànì náà.

Màmá Tọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an, Nọ́ọ̀sì. Èmi náà ń lo jẹ́ẹ̀lì estrogen. Wọ́n ti yọ ilé ọmọ mi nítorí ìju. Ṣé mo nílò kápúsù yẹn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá, ìyá mi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà bóyá gbogbo ilé ọmọ ni wọ́n yọ tàbí wọ́n fi ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ìwé yẹn dání nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ gba jẹ́ẹ̀lì.