Fíìmù ọmọ Màláwì tó fi atẹ́gùn ṣe iná: ṣé dínámò kẹ̀kẹ́ lè fa omi lóòótọ́?

TíṣàSáyẹ́ǹsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ JSS 3 fẹ́ wo The Boy Who Harnessed the Wind, fíìmù tí Chiwetel Ejiofor ṣe ní 2019 nípa William Kamkwamba, kí wọ́n sì gbìyànjú irú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Férémù kẹ̀kẹ́ ológeere kan àti dínámò (ẹ̀rọ kékeré tó ń mú iná jáde bí táyà bá ń yí i) 6V 3W, ìyẹn fólítì 6, wáàtì 3, ló wà nílẹ̀. Nínú fíìmù, abẹ̀bẹ̀ yí, omi jáde, oko tó ti gbẹ sì tutù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Kí ló sì sábà máa ń bàjẹ́ lára irú ẹ̀rọ yìí?

Àjíbẹ́fẹ́fẹ́:
Ọ̀gá tíṣà, ẹ kú akitiyan. Ìyàn tó mú ní Màláwì láàárín 2001 sí 2002, òótọ́ ni. Owó ilé-ìwé tí ọmọ náà kò rí san, òótọ́ ni. Ilé-ìkàwé kékeré ní Wimbe, lágbègbè Kasungu, ló ti rí ìwé tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ṣe, iná ló mú wá, kì í ṣe omi: nǹkan bíi 12W, tó tan gílóòbù mẹ́rin, tí rédíò sì ń lò. Ìgbà tó yá ni omi dé, oòrùn ló sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀rọ tó ń fà á. Fíìmù ká gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ó dùn-ún wò, àmọ́ ọmọ tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀, kó má baà rò pé òun ló kùnà.

Bó ṣe tò ó rèé: abẹ̀bẹ̀ katakata ni ìdí rẹ̀, páìpù PVC tó là tó sì tẹ́ ló fi mú apá rẹ̀ gùn, ọ̀pá ṣọ́kù so ó mọ́ ibi pẹ́dà, ṣéènì ń fa táyà ẹ̀yìn, dínámò fara ti táyà náà.

OníṣiròOmi:
Ẹ ṣe ìṣirò omi yẹn lójú pátákó kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan. Láti gbé lítà 1,000 sókè mítà 10, ó ń gba nǹkan bíi joule (ìwọ̀n agbára) 98,000; wáàtì kan jẹ́ joule kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 12W fún wákàtí kan jẹ́ joule 43,200, ìyẹn lítà 440 bí nǹkan kan ò bá ṣòfò. Ìdá méjì nínú mẹ́ta lè ṣòfò nínú pọ́ǹpù kékeré, á wá ku bíi lítà 147. 3W tiyín á fún yín ní bíi lítà 37 ní wákàtí kan, kò tó kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 kan ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí àgbàdo bá ń gba lítà 5 lórí mítà onígun-mẹ́rin kan lójúmọ́, hẹ́kítà kan á gba 50,000.

Ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń fa omi kànga láti ọjọ́ pípẹ́ kì í gba ọ̀nà iná rárá. Apá rẹ̀ pọ̀, ó ń yí jẹ́jẹ́, ọ̀pá irin ló sì ń gbé sókè sódò nínú kànga.

Wáyà_àti_Ṣéènì:
Iná ni kẹ́ ẹ ṣe. Irú dínámò yẹn máa ń pé 3W tí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré 15 km ní wákàtí kan. Fún táyà ínṣì 26, ìyẹn ni pé táyà ń yí bí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú kan. Tí eyín iwájú (ti ibi pẹ́dà, tí ṣéènì ń gbé) bá jẹ́ 48, tí ti ẹ̀yìn jẹ́ 20, kí abẹ̀bẹ̀ ṣáà ti yí ní ìgbà 50. Àmọ́ atẹ́gùn jẹ́jẹ́ lè má lè ṣí i nídìí. Tí kò bá ṣí, ẹ lo eyín iwájú tó kéré sí i.

Fún apá abẹ̀bẹ̀, páìpù PVC ínṣì 6, kó gùn ní mítà kan, kẹ́ ẹ là á gbọọrọ sí mẹ́ta. Ẹ má sun ún níná, èéfín PVC burú fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Bó ṣe tẹ̀ fúnra rẹ̀ ti tó. Ẹ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n wúwo bákan náà, torí pé tí ọ̀kan bá wúwo jù, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n títí nọ́ọ̀tì á fi tú.

Tí atẹ́gùn bá dín sí ìdajì, agbára rẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ, nítorí náà òpó tó wà lẹ́yìn igi máńgòrò, òfo ni. William fúnra rẹ̀ padà gbé òpó tiẹ̀ ga sí i. Tí ìjì bá dé, fólítéèjì á ga, gílóòbù á jó. Ẹ jẹ́ kí bátìrì 6V wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Lásìkò òjò, orí dínámò á máa yọ̀ lára táyà. Kí ẹnikẹ́ni má gun òpó láìfi okùn so abẹ̀bẹ̀ mọ́lẹ̀.

TíṣàSáyẹ́ǹsì:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé a lè so dínámò mọ́ bátìrì tààrà?

Wáyà_àti_Ṣéènì:
Rárá o. Iná dínámò ń lọ ó ń bọ̀, kò lè fi iná sínú bátìrì bẹ́ẹ̀. Ẹ ra diode (ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) 1N4007 mẹ́rin. Ibi tí orí méjì tó ní ìlà fàdákà ti pàdé ni pósítífù; ibi tí ìdí méjì tí kò ní ìlà ti pàdé ni nẹ́gátífù. Oríkèé méjì tó kù, níbi tí orí kan ti pàdé ìdí kan, ni wáyà dínámò ń wọ̀. Diode á jẹ tó 1.4V nínú rẹ̀, nítorí náà abẹ̀bẹ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ kò ní lè fi iná sínú bátìrì náà, kódà bí gílóòbù bá ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́.